Àkúrẹ́, Adó tàbí Ìlọrin: pápákọ̀ òfurufú wo ló yẹ ará Èkìtì tó ń lọ sí Èkó tàbí Àbújá?

Bí ará Èkìtì bá fẹ́ wọ bàálù, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni iye ìṣẹ́jú tí bàálù máa lò lójú òfurufú. Á ṣí fóònù, á tẹ orúkọ pápákọ̀ méjì sí i, fóònù á dá a lóhùn pé kìlómítà báyìí ni, ìṣẹ́jú báyìí ni. Ìyẹn ló máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó bá dé ibi tó ń lọ ló máa tó mọ̀ pé ìrìn tí fóònù pè ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ti jẹ ọjọ́ náà tán.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí àwọn tó ń kó sí i jù ni àwọn tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí: àgbàlagbà tó ń lọ rí dókítà, ọmọ tó ń lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní Àbújá, ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun. Pápákọ̀ mẹ́ta ló wà ní àrọ́wọ́tó wa: ti Àkúrẹ́, ti Adó-Èkìtì fúnra rẹ̀ àti ti Ìlọrin. Mo fi ti Ìbàdàn kún un nítorí àwọn ará ìhà Ẹ̀fọ̀n. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ohun tí ojú òfurufú wí

Kìlómítà ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, láti pápákọ̀ dé pápákọ̀:

| Láti | Dé Èkó (Ìkẹjà) | Dé Àbújá |
|---|---|---|
| Àkúrẹ́ | 231 | 291 |
| Adó-Èkìtì | bíi 245 | bíi 265 |
| Ìlọrin | 243 | 311 |
| Ìbàdàn | 113 | 405 |

Ọ̀nà tààrà nìyí o, bí ẹni na okùn láti pápákọ̀ kan dé èkejì. Ìrìn bàálù gan-an máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ó ní ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un lójú òfurufú, ó sì ní láti yípo kó tó kọjú sí ibi tó máa bà sí.

Ẹ wo ìlà Àbújá dáadáa. Láti Adó, bíi 265. Láti Ìlọrin, 311. Kìlómítà 46 ni wọ́n fi jura wọn lọ. Bàálù jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré 800 kìlómítà láàárín wákàtí kan kò ní lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí kìlómítà 46. Ẹ wá gbé kìlómítà 46 yẹn sórí ilẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Adó dé Àkúrẹ́, ọ̀nà tó lè gba wákàtí kan ààbọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ilẹ̀ ni kí ẹ fi yan pápákọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà lójú òfurufú kò tó nǹkan.

Ìdí tí ìkànnì kan fi ń sọ 17 tí òmíràn ń sọ 47

Àwọn ìkànnì tó ń ṣírò ìrìn bàálù kì í fohùn ṣọ̀kan, ìyẹn sì máa ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú. Ẹ mú Àkúrẹ́ sí Èkó. Ọ̀kan á sọ pé 231, òmíràn 144, ẹ̀kẹta 125. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Kìlómítà ni ti àkọ́kọ́, máìlì tí a mọ̀ lójú títì ni ti ìkejì, máìlì tí àwọn awakọ̀ òfurufú àti awakọ̀ ojú omi ń lò ni ti ìkẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852.

Ti àkókò ló tún le jù. Ìkànnì mìíràn á kàn pín 231 sí ọ̀nà 800, á ní ìṣẹ́jú 17. Òmíràn á fi ìdajì wákàtí kún un, á ní ìṣẹ́jú 47. Èyí tó ní 47 ló sún mọ́ òótọ́. Bàálù ní láti rìn lórí ilẹ̀ kó tó dé orí ibi tó ti ń gbéra. Tó bá gbéra tán, ó ní láti gùnkè. Lórí ìrìn kúkúrú bíi ti wa, kò tíì pẹ́ tó gùnkè tán tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ìgbà tó ń sá eré àsápajúdé kò pọ̀ rárá.

Nítorí ìdí yìí kan náà, ẹ má tìtorí pé bàálù kan jẹ́ jẹ́ẹ̀tì kí ẹ san owó tó ju ti èkejì lọ. Àwọn bàálù kéékèèké tó ní abẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, irú bíi ATR 72, ń sáré tó nǹkan bíi 500 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Láti Àkúrẹ́ dé Èkó, ohun tí jẹ́ẹ̀tì máa fi jù ú lọ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó jókòó sórí àga ìdúró fún wákàtí méjì kò ní rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn lò.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá tẹ Àkúrẹ́ àti Ìlọrin sí ìkànnì, ó máa sọ fún yín pé kìlómítà 159 ni wọ́n fi jìnnà síra. Ìṣirò lásán ni ẹ̀rọ ṣe. Kò sọ pé bàálù kankan ń ná ọ̀nà náà. Pápákọ̀ kéékèèké kì í sábà ní bàálù tó ń lọ tààrà sí pápákọ̀ kékeré míì. Èkó tàbí Àbújá ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ fi bàálù lọ láti Àkúrẹ́ sí Ìlọrin gba Èkó, kìlómítà 474 ló máa rìn lórí ohun tí okùn ń pè ní 159. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni kí onítọ̀hún wọ̀.

Àkúrẹ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ọbà-Ilé ló wà, lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀. Láti Adó, ẹ máa gba Ìkẹ́rẹ́, ẹ kọjá Ìjù, kí ẹ tó wọ Àkúrẹ́. Ọkọ̀ akérò tí ẹ wọ̀ ní Adó kì í bá yín dé ẹnu ọ̀nà pápákọ̀. Inú ìlú ló ń já èrò sí, ẹ sì tún máa wá ọkọ̀ míì tó ń lọ sí Ọbà-Ilé. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. Bí ẹ bá lè háyà ọkọ̀ láti Adó lọ tààrà, tí ẹ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, owó tí ẹ máa dá kò ní dun ẹnikẹ́ni púpọ̀, ẹ ó sì gba ara yín lọ́wọ́ ìdúró ní gáréèjì.

Fún ará Ìkẹ́rẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, Àkúrẹ́ ni. Ọ̀nà kúkúrú ló kù sí i. Àwọn ará Ìsẹ̀ àti Ẹmùré náà, Àkúrẹ́ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn Àkúrẹ́ ni pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ táksì ibẹ̀ mọ ọ̀nà Èkìtì, àwọn òṣìṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó tí kò lè gun àtẹ̀gùn bàálù. Bí ẹ bá ń jáde síta pẹ̀lú ẹrù, ẹ ó gbọ́ ọ, "Màmá, ṣé Adó ni? Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Ẹ kọ́kọ́ ná an kí ẹ tó jẹ́ kó gbé e.

Adó-Èkìtì

Pápákọ̀ tiwa wà lójú ọ̀nà Ìjàn, ìhà ibi tí Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i, kété kí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tó gbé ìjọba lé Gómìnà Bíọ́dún Oyèbánjí lọ́wọ́. Ẹrù oko ni wọ́n ní lọ́kàn jù nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀, Ekiti Agro-Allied International Cargo Airport, sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ojú ibi tí bàálù ń bà sí gùn tó kìlómítà 3.2. Ìyẹn ni pé bàálù tó tóbi ju èyí tí a ń rí ní Àkúrẹ́ lọ lè bà síbẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbé Adó, àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Láti Fájuyì láàárín ìlú Adó dé ibẹ̀ kò yẹ kó gba tó ìdajì wákàtí bí ọ̀nà bá ṣófo. Ará Ìjàn àti ará Òdè kò tilẹ̀ ní láti wọ inú ìlú Adó rárá. Aláìsàn tó wá láti Àbújá sí ilé ìwòsàn ẹ̀gbẹ́ yunifásítì yẹn, ọ̀nà kan náà ló máa bá dé. Mo ń fẹ́ kí pápákọ̀ yìí dúró, kó gbilẹ̀, kí ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́yìn odi lè fojú rí ilé láìfi ara gbá kòtò.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìfẹ́ ìlú ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ wo ètò ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìn. Bí bàálù bá wà lọ́jọ́ yẹn, tí àkókò rẹ̀ sì bá tiyín mu, ẹ wọ̀ ọ́, ó ti gba wákàtí kan là fún yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìbéèrè kan sí i: bí wọ́n bá fagi lé bàálù yìí, ọjọ́ wo ni òmíràn máa gbéra? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ọ̀la, kò burú. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí i, tí ohun tí ẹ ń lọ ṣe kò sì lè dúró, ẹ gba Àkúrẹ́ lọ.

Ìlọrin, àti Ìbàdàn díẹ̀

Bí ẹ bá wò ó láti Adó, Ìlọrin jìnnà. Ọ̀nà náà gba Ìfàkì àti Ìdó kọjá lọ sí Ọ̀tùn, kó tó wọ ilẹ̀ Kwara. Wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Kò sí ìdí tí ará Adó fi máa gba ibẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé ó ní nǹkan míì láti ṣe ní Ìlọrin.

Ti ará Ọ̀tùn yàtọ̀. Ìlú ìpààlà ni Ọ̀tùn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, tàbí ní Ìlejemèje, tó fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ ní láti la gbogbo Èkìtì já láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó gba Adó kọjá, kó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá. Ìlọrin ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Pápákọ̀ Ìlọrin tóbi, àwọn tó ń lọ sí Hájì máa ń gbéra níbẹ̀, ìlú náà sì ti mọ́ra pẹ̀lú àlejò tó ń wá wọ bàálù.

Ní ti Ìbàdàn, ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí Àrámọkọ lè rò pé ó sún mọ́ òun nítorí pé ọ̀nà Ìléṣà wà lẹ́nu ilé rẹ̀. Fún Àbújá, ẹ wo àtẹ òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: kìlómítà 405. Ẹ máa kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ilẹ̀ lọ sẹ́yìn tìtì, kí bàálù tó tún wá gbé yín padà gba orí Èkìtì kọjá. Fún Èkó, ẹni tó ti dé Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Èkó. Mi ò rí ohun tí ará Èkìtì fẹ́ fi bàálù Ìbàdàn ṣe.

Àbújá ni, àbí Èkó?

Ibí ni ìpinnu gan-an wà, ó sì ju ọ̀rọ̀ pápákọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò láti Adó.

Sí Àbújá, láti Àkúrẹ́: wákàtí kan ààbọ̀ lójú ọ̀nà dé Ọbà-Ilé; wákàtí kan ààbọ̀ láti fi ẹrù sílẹ̀ kí ẹ sì dúró de bàálù; ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí àádọ́ta lójú òfurufú; ìdajì wákàtí láti jáde pẹ̀lú ẹrù; nǹkan bí wákàtí kan láti pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe wọ inú ìlú, nítorí bíi kìlómítà 40 ló fi jìnnà. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí márùn-ún. Láti pápákọ̀ Adó, á dín wákàtí kan kúrò níbẹ̀.

Tí ẹ bá fi ọkọ̀ ilẹ̀ lọ, Ìkọ̀lé, Òmùò, Kábbà, Lọ́kọ́ja, Àbújá, ẹ fi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ sọ́kàn bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa. Wákàtí nìkan sì kọ́ ló wà nílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọba méjì lọ́nà ní agbègbè Ìkọ̀lé, wọ́n sì gba ẹ̀mí wọn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkìtì kì í jẹ́ kí ẹni tiwọn rin ọ̀nà yẹn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn míì kò sì rìn ín mọ́ rárá. Bí owó bàálù bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sí Àbújá, tèmi ni pé kó wọ bàálù. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ dé Ọbà-Ilé, wákàtí kan ààbọ̀ ìdúró, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lójú òfurufú, ìdajì wákàtí láti jáde. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìkẹjà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ Ìkẹjà náà ni ẹ ń lọ, ó dára. Tó bá jẹ́ Lẹ́kí tàbí Àjà, ẹ fi wákàtí kan sí méjì kún un. Ọkọ̀ ilẹ̀ tó kúrò ní Adó ní ìdájí máa ń lo wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tó ń lọ sí Bẹ́gà tàbí Ọ̀jọ́ta tó gba ọ̀nà Ìbàdàn wọlé, ẹnu ọ̀nà ibi tó ń lọ gan-an ni ọkọ̀ máa já a sí. Ohun tí bàálù máa gbà là fún un lè má ju wákàtí kan lọ, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po owó ọkọ̀ lọ́nà púpọ̀.

Fún Èkó, bí ara yín bá le, tí ẹ sì ní iṣu àti gààrí láti gbé, ọkọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹrù tí bàálù ń gbà láìgba owó sábà máa ń jẹ́ kìlógíráàmù 20 tàbí 23, iṣu Èkìtì kì í sì í pẹ́ kó tó kún un. Fún àgbàlagbà, aláboyún tí dókítà gbà láyè, àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, bàálù ni, kódà bí kò bá gba ìṣẹ́jú kan là.

Ohun tó ń jẹ àkókò jù

Bàálù tó ń gbé yín láti Àkúrẹ́ kì í sùn sí Àkúrẹ́. Ó máa ń ti Èkó tàbí Àbújá wá, ó máa ń já èrò, ó máa ń kó yín, ó sì máa ń padà. Láàárín ọjọ́ kan, bàálù kan náà lè ti ná ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó kàn yín. Bó bá pẹ́ ní ìlú àkọ́kọ́ ní ìdajì wákàtí, ìdádúró á máa gorí ìdádúró títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, bàálù àárọ̀ ló ṣeé fọkàn tán jù. Kí ẹ tó kúrò ní Adó, ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù, ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé bàálù wà. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàálù tó máa wá kó wa, ṣé ó ti gbéra ní Èkó?" Ìdáhùn ìyẹn ló máa sọ fún yín bóyá kí ẹ jáde tàbí kí ẹ tún jókòó díẹ̀. Ẹ má fi jókòó kọjá ìgbà tí wọ́n ń ti káńtà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹrù, o, nítorí wọn kì í ṣí i fún ẹni tó pẹ́.

Bàálù ìrọ̀lẹ́ ní ewu míì. Èkó àti Àbújá ń gba bàálù ní òru, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kéékèèké ní Nàìjíríà kì í gba bàálù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bàálù tó yẹ kó bà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó pẹ́ ní wákàtí méjì lè má wá mọ́, kó di ọjọ́ kejì. Lásìkò ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ti àárọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí eruku lè bo ojú òfurufú débi pé awakọ̀ kò ní rí ojú pápá láti òkè. Lásìkò yẹn, bàálù agogo mẹ́wàá sí méjìlá ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. Lábẹ́ ìlànà NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, bí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ náà fún yín ní ìpanu. Bó bá ju wákàtí méjì lọ, ẹ lè gba owó yín padà. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Ẹni tó bá sì ń ti Èkìtì lọ wọ bàálù òkè òkun ní Èkó, kó má ṣe wọ bàálù abẹ́lé tó máa gbé e dé Ìkẹjà ní wákàtí méjì kí ti òkè òkun tó gbéra. Ibi tí bàálù abẹ́lé ń já èrò sí àti ibi tí wọ́n ti ń wọ ti òkè òkun kì í ṣe ilé kan náà. Ọkọ̀ ló máa gbé yín láti ọ̀kan dé èkejì, ẹ ó sì tún tò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi wákàtí mẹ́fà sí àárín wọn. Bó bá jẹ́ lásìkò ọyẹ́, ẹ kúrò nílé lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn sí ọ̀dọ̀ ẹbí ní Èkó.